Dò mí dò mí: ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú ìlù dùndún?

Kí onílù kan gbé ìyáàlù, ìlù àgbà nínú agbo dùndún, kọ́ èjìká lẹ́nu ọ̀nà ààfin Ọ̀yọ́, kí ó lu ohùn mẹ́rin péré: ìsàlẹ̀, òkè, ìsàlẹ̀, òkè. Dò mí dò mí. Àwọn tó wà nítòsí yóò ní "Bàbá Yèyé" ló wí, nítorí pé Aláàfin, Ikú Bàbá Yèyé, ló ni ààfin náà. Kí onílù yìí wọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí ó dúró níwájú ààfin Ṣọ̀ún, kí ó lu ohùn mẹ́rin yẹn gan-an. Orúkọ ìlú ni wọn yóò gbọ́ níbẹ̀: Ògbómọ̀ṣọ́. Awọ kan náà, kọ̀ǹgọ́ kan náà, ọwọ́ kan náà. Kò sí ohun tó yí padà lára ìlù. Àwọn tó ń gbọ́ ọ ló yí padà.

Gbogbo wa la máa ń wí pé dùndún ń sọ̀rọ̀, a sì máa ń fi yangàn fún àlejò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò tíì pé. Ohùn ọ̀rọ̀ nìkan ni ìlù ń gbé jáde. Ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ti wà nínú ẹni tó ń gbọ́ kí onílù tó gbọ́wọ́ sókè, àwùjọ tó tọ́ olúwarẹ̀ ló sì fi í síbẹ̀: ilé tí wọ́n ti ń kì í láàárọ̀, ọjà tó ti ń gbọ́ òwe, ẹ̀sìn tó ń ṣe, ìlú tó ti dàgbà. Ibí yìí ni mo rò pé ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ nígbàkigbà tí a bá ń bínú pé àwọn ọmọ òde òní kò gbọ́ ìlù mọ́. Ìlù kò yadi. Ilé ni kò bá wọn sọ̀rọ̀ tó.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó fínnífínní. Ohùn mẹ́ta ni èdè wa ní: dò fún ìsàlẹ̀, re fún àárín, mí fún òkè. Lórí ìwé tí a kò fi àmì sí, ta ló lè mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́, ọkọ̀ tàbí ọ̀kọ̀? Ìlù mọ̀ ọ́n. Re re ni ọkọ tó fẹ́ ìyàwó, re mí ni ọkọ́ tí a fi ń roko, re dò ni ọkọ̀ tí à ń wọ̀, dò dò ni ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù. Níbi tí ìwé ti kùnà, ìlù yege. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwé ní, ìlù kò ní in rárá. Kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò ní fáwẹ̀lì. Nítorí náà, owó, ilé, ọjọ́, adé, ọkọ́ àti ikú, ohun kan ṣoṣo ni gbogbo wọn lójú awọ: re mí. Ejò, ọbẹ̀, ilẹ̀, ẹsẹ̀ àti ọkọ̀, re dò ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá lu re mí tó sì dákẹ́ kò tíì sọ nǹkan kan.

Ọgbọ́n tí àwọn àyàn, ìyẹn àwọn ìdílé onílù, ń ta sí i ni pé wọn kì í lu ọ̀rọ̀ ẹyọ kan. Odidi gbólóhùn ni wọ́n ń lù, gbólóhùn tí ìlú ti mọ̀ láti ayébáyé: oríkì, òwe, ìkíni, orúkọ oyè. Ẹ mú oyè Aláàfin, kí ẹ fi ẹnu kùn ún. Ikú Bàbá Yèyé: re mí dò mí dò mí. Aláṣẹ: re mí re. Èkejì: dò re dò. Òrìṣà: dò dò dò. Ohùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni gbogbo rẹ̀. Kí ìró náà tó dé dò mẹ́ta ìkẹyìn, ará Ọ̀yọ́ ti mọ ibi tó ń lọ, ó sì ti ń mi orí. Ó ṣòro kí ẹ tó rí gbólóhùn mìíràn tó bá a mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gígùn ni ààbò ìlù. Bí gbólóhùn bá ti ń gùn sí i ni ohun mìíràn tó lè jẹ́ ń dín kù.

Ẹ wá fi wé oyè Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́: dò mí dò mí dò mí. Ikú Bàbá Yèyé: re mí dò mí dò mí. Ohùn mẹ́fà mẹ́fà ni, ohùn àkọ́kọ́ nìkan ló sì yà wọ́n nípá. Bí kọ̀ǹgọ́ bá yẹ̀ lójú awọ níbi ohùn àkọ́kọ́ yẹn, tàbí tí ariwo ọjà Akẹ̀sán bá bò ó mọ́lẹ̀, etí kò ní nǹkan tí yóò fi ya ọba méjèèjì sọ́tọ̀ àfi ilẹ̀ tí olúwarẹ̀ dúró lé. Ará Ọ̀yọ́ kò tilẹ̀ ní í mọ̀ pé ohùn kan sọnù. Ọkàn rẹ̀ ti dá re padà síbi tó yẹ kó wà.

Àwọn ọmọ Ìkòyí náà wà níbẹ̀, ìran ẹ̀ṣọ́, àwọn ológun Ọ̀yọ́ àtijọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń yin àwọn baba wọn ni pé ẹ̀ṣọ́ kì í gbọfà lẹ́yìn. Iwájú ló yẹ kí ọfà ti bá a. Ẹ lù ú: dò mí dò mí re dò mí dò. Ẹ rí i pé dò mí dò mí náà ni wọ́n fi ṣíde? Ọmọ Ìkòyí tí wọ́n fi gbólóhùn yìí tọ́ dàgbà yóò ti na ọrùn sókè níbi ohùn kẹrin, yóò máa retí re dò tó tẹ̀lé e. Ẹni tó jókòó tì í, tí kì í ṣe ọmọ Ìkòyí, lè ṣì máa rò pé ọba ni wọ́n ń kí. Àga méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìró kan náà, ìtumọ̀ méjì, kò sì sí irọ́ nínú èyíkéyìí títí onílù yóò fi dé ohùn kẹfà.

Èyí tó ń yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo rẹ̀ ni "ó ti dé" àti "ó ti kú". Mí re mí ni àwọn méjèèjì. Ayọ̀ ńlá àti ìbànújẹ́ ńlá, ìró kan ṣoṣo. Báwo ni onílù ṣe ń kéde pé ẹni ńlá dé láìdá jìnnìjìnnì sílẹ̀? Ọ̀nà kan ni pé kò ní lu mí re mí ní ìhòòhò. Yóò pe orúkọ ẹni náà, yóò kí i káàbọ̀, yóò fi oríkì baba rẹ̀ lé e. Ọ̀nà kejì kò sí lọ́wọ́ onílù rárá, àṣà ló ń bá a ṣe é. A kì í sọ pé ọba kú. Ọba wàjà ni à ń wí, dò dò ni wàjà sì jẹ́ lójú awọ. Erin wó, àjànàkú sùn bí òkè. Nítorí pé èèwọ̀ ti lé "kú" jáde kúrò nínú ọ̀rọ̀ ọba, mí re mí lẹ́nu ọ̀nà ààfin kò lè jẹ́ ikú. Ẹnì kankan kò sọ fún olùgbọ́ pé kó má gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò ní í gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilé tí aláìsàn ti wà lórí ẹní láti ọjọ́ mélòó kan, tí ìlù bá dún mí re mí lójú títì, ẹ ó rí i bí ojú àwọn ará ilé yóò ṣe rí.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá. Ní Kóńgò, láàárín àwọn Kele, ohùn méjì péré ni èdè wọn ní, òkè àti ìsàlẹ̀. John Carrington, míṣọ́nnárì ará Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ ìlù wọn dáadáa, ṣàlàyé ní 1949 pé ọ̀rọ̀ kékeré kan kì í lọ lásán lórí ìlù náà. Gbólóhùn tí gbogbo ìlú mọ̀ ni wọ́n ń lù dípò rẹ̀. Tiwa lè kúrú díẹ̀, nítorí a ní ohùn mẹ́ta, ìyáàlù sì lè fa ohùn láti ìsàlẹ̀ gòkè bí ẹnu wa ti ń fà á nínú "bàbá" tàbí "Ọ̀yọ́". Àmọ́ ibi kan náà ni àwọn Kele àti àwa ti ń rówó ná: ìṣúra gbólóhùn tí gbogbo ènìyàn ti ní nílé.

Ìlù fúnra rẹ̀ ńkọ́? Igi ọ̀mọ̀ ni wọ́n sábà fi ń gbẹ́ ẹ, ẹnu rẹ̀ méjèèjì á fẹ̀, ìbàdí rẹ̀ á tín-ín-rín. Awọ ewúrẹ́ fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń bò ó lójú méjèèjì, wọn á wá fi ọsán, ìyẹn okùn awọ tín-ín-rín, so ojú kan mọ́ ìkejì yíká gbogbo ara rẹ̀. Ṣaworo, àwọn agogo wẹ́wẹ́, ń bẹ létí rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni í di ọsán mú, ọwọ́ ọ̀tún ni í mú kọ̀ǹgọ́ tó tẹ̀ lórí. Bí ọwọ́ òsì bá fún ọsán pọ̀, awọ á le, ohùn á gòkè; bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Bí ó bá fún un nígbà tí awọ ṣì ń dún lọ́wọ́, ohùn á yọ́ gòkè. Àwọn àgbà kan gbà pé ọ̀mọ̀ tó hù lẹ́bàá ọ̀nà ló ń ṣe ìlù tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, nítorí ó ti gbọ́ ohùn àwọn tó ń kọjá. Mo fẹ́ràn ìgbàgbọ́ yìí gan-an. Ó fi hàn pé àwọn tó dá ìlù sílẹ̀ mọ̀ pé igi pàápàá ní láti bá ènìyàn gbé kó tó lè bá ènìyàn sọ̀rọ̀.

Gbogbo ìlù kọ́ ló ń sọ̀rọ̀ nínú agbo dùndún. Gúdúgúdú tó kọ́ sọ́rùn, tí wọ́n ń fi bílálà méjì lù, ohùn kan ṣoṣo ni tirẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó mú eré dúró. Kẹríkẹrì, ìṣáájú àti kànnàngó ní àyè tiwọn. Àwọn kéékèèké inú wọn ni ọmọ Àyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, ìyáàlù ló ń kẹ́yìn, nítorí ọwọ́ lè yá kí oríkì tó pọ̀ tó nínú orí.

Kí ló máa ń ba ọ̀rọ̀ ìlù jẹ́? Ọ̀pọ̀ ló rò pé bí ìlù bá lọ sílẹ̀ jù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní í yéni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohùn ọkùnrin ń rinlẹ̀, ohùn ọmọdé ń ta gòkè, àwọn méjèèjì sì ń sọ Yorùbá. Àlàfo tó wà láàárín dò, re àti mí ló ṣe pàtàkì. Nígbà òjò, omi inú afẹ́fẹ́ á wọ awọ, awọ á rọ̀, ọwọ́ òsì á fún ọsán títí, mí kò ní í jìnnà sí re. Nígbà náà "owó" á fẹ́ẹ̀ di "ọmọ", "Olúwa" á tẹ́ pẹrẹsẹ. Nígbà ọyẹ́, òdìkejì ni: awọ á gbẹ, á le, dò kò ní í lè rì tó, bí onílù bá sì fi agbára fún un, awọ á ya. Ọsán kan tó já tún lè mú kí awọ fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ìlù máa ké níbi tó yẹ kó rọra dún. Onílù tó mọṣẹ́ á gbé ìlù tó rọ̀ sí oòrùn fún ìgbà díẹ̀, tàbí sí ìtòsí iná tí kò ní ahọ́n, kò sì ní í fi í sílẹ̀ níbẹ̀ lọ jẹun. Nígbà ọyẹ́ á fi aṣọ bò ó, á sì gbé e jìnnà sí oòrùn.

Eré àsápajúdé tún ń bà á jẹ́. Tí onílù bá ń sáré, ohùn tó ń yọ́ gòkè kò ní í ráyè, gbogbo rẹ̀ á wá dà bí gúdúgúdú. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn lóde òní sì ń kó ìṣòro tirẹ̀ wá: bí wọ́n bá gbé e sún mọ́ etí ìlù jù, ṣaworo ló máa ń gbà jù lọ, ìró ṣẹ́ṣẹ́ á gba gbogbo gbọ̀ngàn, ohùn awọ á sì pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n sún un sẹ́yìn ní ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan, kí ó dojú kọ àárín awọ tí wọ́n ń lù. Kí ẹni tó ń tẹ dùùrù sì mọ̀ pé ìgbà tí ìyáàlù bá ń kì ènìyàn kì í ṣe ìgbà tí òun náà ń sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ká tún ìlù ṣe tán, kí awọ le bó ṣe yẹ, kí ẹ̀rọ dára, bí ẹni tó ń gbọ́ kò bá ní gbólóhùn náà nínú, ariwo dídùn ló gbọ́. Tàbí kó gbọ́ ohun mìíràn. Nígbà tí rédíò ìjọba Nàìjíríà ń fi ìlù ṣe àmì ìdánimọ̀ rẹ̀ láyé àtijọ́, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó ń kéde orúkọ iléeṣẹ́ náà ni wọ́n ní ìlù ń wí. Àwọn ará Ìbàdàn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan níbẹ̀. Wọ́n gbọ́ ìbéèrè: bí Olúbàdàn bá kú, ta ni yóò jọba? Ìbéèrè yẹn tàn ká, àwọn ọmọdé ń kọ ọ́ lórin. Kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀rọ̀ oyè ni wọ́n gbọ́? Nítorí pé ìlù àti ọba ti jọ ń rìn láti ọjọ́ pípẹ́, ìlú náà sì mọ bí àwọn ìjòyè ti ń tò láti gun orí oyè, ọ̀rọ̀ ẹni tó kàn kì í wọ́n lẹ́nu wọn. Gẹ̀ẹ́sì kò ní àyè lójú awọ, wọ́n sì fi ohun tó wà nílé dí àlàfo náà.

Ní Cambridge, Frederic Bartlett, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, rí irú nǹkan yìí láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1932. Ó fún àwọn ènìyàn ní ìtàn àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà ti Àríwá kà, ìtàn tí iwin wà nínú rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n tún un sọ lẹ́yìn àkókò díẹ̀. Bí wọ́n ti ń tún un sọ ni ó ń di ìtàn Gẹ̀ẹ́sì: ọkọ̀ ìgbájá àwọn ará ibẹ̀ di ọkọ̀ ojú omi lásán, ọdẹ ẹran inú òkun di ẹja pípa, ohun tí kò yé wọn nípa àwọn iwin sì ń já bọ́. Wọn kò purọ́. Ohun tí àwùjọ wọn ti pèsè sílẹ̀ ni wọ́n fi gba ìtàn náà mọ́ra.

Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ ibi tó dára láti rí bí ẹ̀sìn ti ń yí ìtumọ̀ padà láìfọwọ́ kan ìró. Thomas Jefferson Bowen gbé ẹ̀sìn Onítẹ̀bọmi dé ìlú náà ní 1855, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Bíbélì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1898 sì wà níbẹ̀ di òní. Àwọn oníwàásù ìjímìjí kò fẹ́ ìlù nínú ìjọ, nítorí pé ohun tí etí gbogbo ènìyàn ń gbọ́ nínú rẹ̀ ni òrìṣà. Mi ò dá wọn lẹ́bi tán, nítorí wọ́n mọ̀ pé ìlù kì í dá wá. Ó ń kó gbogbo gbólóhùn tó ti sọ rí lọ́wọ́ wọlé. Ohun tí wọn kò retí ni pé ìran mìíràn yóò dìde tí etí wọn ti kún fún Sáàmù àti orin ìyìn. Lónìí, ẹ gbọ́ re mí re nínú ààfin, "Aláṣẹ" ni. Ẹ gbọ́ re mí re nínú ìjọ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, "Olúwa" ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àyàn ló tún jẹ́ Mùsùlùmí, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ibi méjèèjì, tí ọwọ́ wọn kò sì yí padà. Ìjókòó àwọn tó ń gbọ́ ló ń pín ìtumọ̀ fún wọn.

Àìdánilójú yìí kì í ṣe àbùkù nìkan. Ó wúlò láwùjọ, mo sì rò pé òun ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìlù kú. Níbi ayẹyẹ, àna ọlọ́rọ̀ kan jókòó, kò náwó, kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ onílù. Ìyáàlù á sọ pé: re re dò mí dò. Ahun ò níyì. Gbogbo agbo á rẹ́rìn-ín, ojú á ti ọlọ́rọ̀. Bí ó bá bínú dìde pé kí ló dé tí wọ́n fi ń bú òun, onílù ní èsì: "Ẹ má bínú sà, ọkọ Ìbídùn ni mo ń kí yín." Bí ìyàwó rẹ̀ bá sì ń jẹ́ Ìbídùn lóòótọ́, kò sí adájọ́ tó lè dá onílù lẹ́bi, nítorí re re dò mí dò náà ni ọkọ Ìbídùn. Gbogbo ènìyàn mọ ohun tó wí. Kò sí ẹni tó lè fi ẹ̀rí ẹ̀ mú un. Báyìí ni àwùjọ ṣe ń bá ẹni ńlá wí láìfa aṣọ ya. Òwe bí òwe là ń lùlù ògìdìgbó. Ọlọ́gbọ́n ní ń jó o, ọ̀mọ̀ràn ní ń mọ̀ ọ́n.

Bàtá, ìlù Ṣàngó àti egúngún, le ju èyí lọ láti gbọ́. Ojú rẹ̀ ńlá, ojú òjò, ni wọ́n ń fi ọwọ́ lásán gbá, wọ́n sì ń fi bílálà na ṣáṣá, ojú kékeré. Kò ní ọsán tí wọn yóò fún kí ohùn yọ́ gòkè, nítorí náà ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Àwọn onílù bàtá tilẹ̀ ní ẹnà tiwọn, èdè àdììtú tí wọ́n ń fi ẹnu sọ láàárín ara wọn. Ẹni tí kò bá gbé láàárín wọn, tàbí láàárín àwọn oníṣàngó, ó ṣòro kó tó mọ ohun tí bàtá wí, bó ti wù kí etí rẹ̀ mú tó.

Fún òbí tó bá fẹ́ kí ọmọ òun gbọ́ ìlù, ẹ̀kọ́ náà kò bẹ̀rẹ̀ lára ìlù. Oríkì ọmọ náà ni ká fi bẹ̀rẹ̀, ká máa pè é lójoojúmọ́, nígbà tó bá jí, nígbà tó bá kúnlẹ̀ tàbí tó dọ̀bálẹ̀ kí ni. Ṣùgbọ́n kí òbí má dúró lórí oríkì àbísọ nìkan. Ẹ gbọ́ Àkànní, Àjàní, Àyìndé, Àkàndé, Àbẹ̀kẹ́, Àdùkẹ́, Àṣàkẹ́: dò dò mí ni gbogbo wọn. Bí ìlù bá lu dò dò mí ní àgbàlá, ènìyàn mẹ́wàá ló máa yíjú. Oríkì orílẹ̀ ló ń yọ ọmọ kúrò láàárín ọ̀pọ̀: Àkànní ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí, dò dò mí re re dò mí dò dò mí. Bí ọmọ bá ti mọ gbólóhùn náà lórí, ká máa fi ẹnu kùn ún láìla ẹnu, ká jẹ́ kí ó sọ ohun tí a wí. Eré ni lójú rẹ̀, àárín oúnjẹ alẹ́ tó fún un. Kí ó máa dá gbólóhùn mẹ́ta mọ̀ yàtọ̀ síra wọn kí a tó fi ẹ̀kẹrin kún un. Lẹ́yìn náà ni ká mú un lọ síbi tí ìlù gidi ti ń dún, kí a má sì ṣe túmọ̀ fún un kíákíá. Kí ó kọ́kọ́ wí ohun tó gbọ́. Bó bá ṣì í gbọ́, ohun tó gbọ́ yóò sọ fún wa irú ọ̀rọ̀ tó kún inú rẹ̀ jù lọ.

Ẹni tí kò bá mọ oríkì ilé rẹ̀, kí ó má ṣe lọ bá baálé nìkan. Àwọn ìyàwó ilé, pàápàá àwọn ìyá àgbà tí wọ́n ti ń kí ọkọ àti ọmọ ọkọ láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé, ló sábà ń mọ̀ ọ́n dópin. Kí wọ́n kì í, kí a gbà á sílẹ̀ sínú fóònù. Bí ìkómọ tàbí ìgbéyàwó bá ń bọ̀, ohùn tí a gbà sílẹ̀ yẹn ni kí a fi ránṣẹ́ sí onílù lórí WhatsApp ní ọjọ́ bíi mélòó kan ṣáájú, kí ó ráyè fi ọwọ́ kọ́ ọ. Kí a má tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ láìní àmì, nítorí oríkì tí a tẹ̀ láìní àmì ohùn ti sọ ohun kan ṣoṣo tí ìlù ń lò nù.